Ọkùnrin Ọlọ́ṣẹ àti Okùn Bàtà Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Kí ló kọ́kọ́ ń darúgbó lára ènìyàn, ṣé ẹran ara ni àbí ohun tó so ẹran ara pọ̀? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun lóru yìí. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi ìyá rẹ, yóò ní etí ni, torí pé òun ti ń pè mí láti àná, n kò dáhùn. Nítorí náà ìwọ ni mo kọ ọ́ sí, ìwọ tó jẹ́ pé nínà ara àwọn aláìsàn ni iṣẹ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n kí ọ bó ṣe tọ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àtẹ̀gùn ilé yín tó ga bí òkè yẹn ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìrìn ìlú ńlá má ṣe rẹ̀ ọ́ jù, kí aláìsàn tí ò ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe ta ọ́ nípàá, kí ó má sì sí ọjọ́ tí wàá fọwọ́ kan ara tí ara náà kò ní dá ọ lóhùn. Èmi kò mọ bí àdúrà ṣe ń rìn dé ibi tó ń lọ. Mo kàn ń gbà á bí ẹni tó ju lẹ́tà sínú àpótí ni: o kì í rí ẹni tó wá kó o, ṣùgbọ́n o kò lè búra pé kò sẹ́ni tó kó o.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, akọ kan, abo kan, ó sì ti ń sọ káàkiri pé akọ yẹn jọ mí nítorí pé kò tètè dìde. Ìjì ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, a ti kàn án padà. Tábìlì tí o máa ń ṣe iṣẹ́ iléèwé lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ káfíńtà tó múlé tì wá, ẹni tó ní òun yóò dá a padà lọ́la. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń jẹ́ ọ̀la. Orí itan ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí pákó tí mo fi ń gé awọ. Àtùpà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìyá rẹ ló sì máa ń bá mi pa á láti ìgbà tí kò ti sí tábìlì, nítorí n kò lè tẹ̀ dé ibẹ̀.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ níbi tí olùkọ́ ti máa gbọ́. Olùkọ́ tí mò ń wí ni ọmọbìnrin inú fóònù, ẹni tí o ní kó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń na ara. Mo ti gbé fóònù náà sínú páálí bàtà, mo dé e, mo sì gbé òòlù lé e. Mo ti ka ìwé púpọ̀, mo mọ̀ pé àwòrán ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìwé tó fi yé mi dájú pé àwòrán tó ń sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ náà rèé: mo parọ́ fún ọ.

Jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí bí mo ṣe ṣubú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Okùn bàtà mi tú níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i pé ó tú. Mo ń wò ó, òun náà ń wò mí. Láti ibi tí ọwọ́ mi mọ sí ibi tí okùn wà, ìrìn àjò ni. Mo ní kí n fi í sílẹ̀ títí ìyá rẹ yóò fi dé, ni mo bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ okùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo sì bá ara mi nílẹ̀ láàárín bàtà àwọn oníbàárà. Ọkùnrin tó ti fi ọdún méjìléláàádọ́ta rán bàtà, bàtà ló gbé e ṣubú. Káfíńtà sáré jáde, kó tó nawọ́ sí mi ó kọ́kọ́ bi mí pé ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń wá nǹkan nílẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń wá ẹni tó máa gbé mi dìde.

Ìwọ náà sì wá, o gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. O ti jáde lọ gba káàdì nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ fọ́ọ̀mù tó ní kí n sọ iye tí ìrora mi jẹ́, láti oókan dé mẹ́wàá. Mo bi í pé ẹsẹ̀ wo, torí pé kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wọ nọ́ńbà kan náà, gbogbo aránbàtà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n mú ẹyọ kan. Mo ní ọ̀tún jẹ́ méje, òsì jẹ́ méje àbọ̀. Ó ní kò sí àbọ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Mo ní bóyá ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà kò tíì wọ bàtà tó fún un rí. Ó wò mí títí, ó kọ mẹ́jọ, títí di òní ni mò ń ru ìdajì ìrora tí kì í ṣe tèmi kiri.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni o jókòó lórí àpótí mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí o sì là mí lóye. O ní egungun mi kọ́ ló gan. O ní awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó bo ẹran ara kọ̀ọ̀kan, ó wọnú ẹran náà lọ, ó dì í ní ìdì ìdì bí okùn ṣe ń di ìgbálẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ẹran inú ìdì ń dín kù, ṣùgbọ́n awọ tó dì í ń nípọn, fọ́nrán rẹ̀ ń so kọ́ra wọn, omi inú rẹ̀ ń gbẹ, ìdí nìyẹn tí ara àgbà kì í fi í tètè nà. O ní èyí kò sọ pé kò ní nà mọ́. O kọ ohun tí màá máa ṣe sí pélébé ìwé kan fún mi, mo sì fi pélébé ìwé náà pamọ́ síbi tí ọkàn mi balẹ̀ sí. A máa dé orí ìyẹn.

Mo gbọ́ ọ, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n o mọ bí mo ṣe rí, n kì í gbọ́ nǹkan kí n má yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ alápatà, mo ní kó gé itan ọmọ ewúrẹ́ díẹ̀ fún mi, kó sì gé díẹ̀ lára itan ògbólógbòó òbúkọ. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ní ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí mo fẹ́ bá a ṣèpàdé. Mo kó méjèèjì sórí pákó, mo fi ìlu tí mo fi ń lu awọ ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òótọ́ lo sọ. Awọ funfun inú ẹran ọmọ ewúrẹ́ dà bí òwú aláǹtakùn. Ti òbúkọ, n bá fi rán bàtà fún ẹni tí kò bá mọ̀. Ìyá rẹ sè é láti ọ̀sán di alẹ́, kò rọ̀. Ó ní kì í ṣe ohun tuntun, òun ti ń bá irú ẹran bẹ́ẹ̀ gbélé fún ọdún márùndínláàádọ́ta, òun mọ̀ pé iná nìkan kì í rọ̀ ọ́.

Ohun tó kó ìrònú bá mi ni pé, báwo ni ẹran yóò ṣe máa lọ tí okùn tó dì í yóò máa pọ̀ sí i? Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni mo wo ẹ̀yìnkùlé. Okùn tí ìyá rẹ ń sá aṣọ sí nígbà tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílé ṣì wà níbẹ̀, gbogbo gígùn rẹ̀, láti ara ilé dé ara igi. Aṣọ méjì ló wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí dín in kù. Bóyá ara ènìyàn náà kò tíì gbọ́ pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti lọ.

Má jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀nà. Lẹ́yìn àlàyé yẹn ni o wá sọ èyí tó gbóná. O fún mi ní oṣù méjì. O ní bí oṣù méjì bá pé tí n kò bá lè fi ọwọ́ ara mi so okùn bàtà mi, ní ìdúró, láìdi ògiri mú, ìwọ yóò gbé mọ́tò wá, wàá kó èmi àti ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ ní àjà kẹta, wàá sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. O ní kí n fi fọ́tò hàn ọ́. Ìfẹ́ lo fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe lájà kẹta? Ẹsẹ̀ ènìyàn kì í gba ojú fèrèsé yẹn kọjá. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, mo mọ ẹni tó jẹ gbèsè, òun ló máa ń rìn bí ẹni tó gbé omi kíkún. Ìyá rẹ gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ó wá dá bàtà, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún bàtà, ẹ̀ẹ̀mejì fún ara mi. Lónìí òun ló ń kúnlẹ̀ so bàtà mi láràárọ̀, orúnkún rẹ̀ sì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Nítorí náà mo múra sí i. Ọgbọ́n ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ dán wò, torí pé awọ ni awọ. Mo rẹ aṣọ sómi, mo fi wé ẹ̀yìn itan mi, mo fi òróró tí mo fi ń rọ awọ kùn ún, mo wá na ẹsẹ̀ sórí pákó gígùn, mo fi bẹ́líìtì mẹ́ta dì í mọ́lẹ̀ kí ó lè gba nínà mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò lè tẹ̀ dé ibi tí mo ti dè é láti tú u. Káfíńtà ló wá tú mi sílẹ̀. Ó ní tí ẹ bá fẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ yín ṣe ìjókòó, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá ti sọ fún mi, n bá mú ìṣó wá.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbà fún olùkọ́ inú fóònù. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo fún un lọ́wọ̀ rẹ̀. N kò jẹ́ yọ sí i láìwọ ẹ̀wù, mo sì ń dé fìlà. Mo máa ń kí i kí n tó tẹ̀, òun náà a sì kí mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn bó ṣe máa ń yìn mí kí n tó ṣe nǹkan kan. Mo ṣì ń wá ibi tí màá gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ mi tì sí, ó ti ní ó dára gan-an ni. Olùkọ́ tó bá ń yin gbogbo kíláàsì, n kì í fọkàn tán an. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ pè mí wá jẹun, mo tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀ kó lè dúró dè mí. Ẹsẹ̀ kan ló wà lórí rẹ̀ nígbà yẹn. Mo jẹun, mo mumi, mo bá àlejò kan sọ̀rọ̀, mo padà dé, ó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, kò gbọ̀n, kò làágùn. Mo tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dá a dúró níbi tó bá ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Ó sì dà bí ẹni pé aṣọ kan ṣoṣo ló ní. Bí àwọn aṣọ rẹ àtijọ́ bá wà níbẹ̀, wo èyí tó bá a mu.

Iṣẹ́ náà ni pé kí n dúró, kí n tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí n jẹ́ kí ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀, òun yóò ka oókan dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò wá ní kí n dìde. Ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà tó ń ka mẹ́wàá tí ọkùnrin kan kì í já lu ọ̀rọ̀. Ọkùnrin ọlọ́ṣẹ ni, inú fóònù kan náà ló ti ń yọjú polówó ọṣẹ. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni. Á ní ìyàwó ilé, ẹ̀yin ọkọ, ṣé aṣọ funfun yín ti di aṣọ eérú. Á ní ọṣẹ òun ń wọ inú òwú lọ, ó ń wá ìdọ̀tí jáde ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Á gbé ẹ̀wù kan sókè, á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á ní ẹ wò ó, ẹ tún un wò, á wá béèrè pé kí lẹ ń dúró dè. Èmi tí mo tẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà tó ti dé, òun ni mò ń dúró dè. Olùkọ́ kò tíì ní kí n dìde, n kò sì lè dìde láàárín ọ̀rọ̀ àlejò. Nígbà mìíràn tí òun bá kúrò, obìnrin báńkì kan á tún tẹ̀lé e, á ní òun fẹ́ yá mi lówó láìmọ̀ mí rí. Mo máa ń dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ pé rárá o, ẹ ṣeun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ á tó padà wá, á ka mọ́kànlá.

Inú bí mi sí i, n kò ní purọ́ sí i. Mo pè ọ́, mo fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojúgun mi níbi tí ọwọ́ mi bá dé, àmì náà sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kúrò lábẹ́ orúnkún, ó dé àárín ojúgun, ó ku bí ìbú ọwọ́ kan sí kókósẹ̀. Mo rò pé olùkọ́ ló mọ iṣẹ́.

Ìwọ, nínú àánú rẹ, o wá san owó fún àwọn tó ni ilé inú fóònù pé kí ọkùnrin ọlọ́ṣẹ má yọ mí lẹ́nu mọ́. Kò sì wá mọ́. Olùkọ́ ń ka oókan dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kíákíá, ó ní kí n dìde, mo dìde. A parí iṣẹ́ kí omi ìyá rẹ tó hó. Ilé parọ́rọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmì ṣọ́ọ̀kì gun ojúgun mi padà bí alángbá.

Oṣù méjì pé. O fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé fọ́tò dà. Ibí yìí ni ìtìjú mi wà.

Mo kọ́kọ́ rò ó bí oníṣẹ́ ọwọ́. Mo ní bí ọwọ́ kò bá dé ilẹ̀, kí a gbé ilẹ̀ wá bá ọwọ́. Mo rán bàtà kan tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ga ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, o kò rí irú rẹ̀ rí. Mo wọ̀ ọ́, mo dúró, orí mi gbá àtẹ́rígbà, mo wá tẹ̀, okùn bàtà ṣì jìnnà sí mi bó ṣe jìnnà lánàá. Mo tún tẹ̀. Káfíńtà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ìdí yín náà lẹ gbé sókè ni. Ó ní ẹni tó gun àga pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́, ṣé àpò náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bọ́ bàtà náà. N kò fẹ́ràn kí káfíńtà mọ nǹkan ṣáájú mi.

Ni mo bá ṣe èkejì. Mo rán búùtù tó ga dé abẹ́ orúnkún, mo sì fi ibi tí wọ́n ti ń so okùn sí òkè pátápátá. Káfíńtà wò ó, ó ní bàtà yìí ti fẹ́ di ṣòkòtò. Mo ní kó mú fóònù, kó ya ọwọ́ mi àti okùn nìkan, kó má ya nǹkan mìíràn. Ó yà á. Fọ́tò tí o rí nìyẹn. Ọwọ́ mi ni lóòótọ́, okùn ni lóòótọ́, ìdúró ni mo wà lóòótọ́. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀ àfi gbogbo rẹ̀.

Ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n o fi ohùn ránṣẹ́, inú rẹ ń dùn. O ní mọ́tò kò wá mọ́. O ní o ti fi fọ́tò náà han bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹni tó ti kọ̀ láti nara, tó ń sọ pé ara àgbà ti di igi. O ní ó wo ọwọ́ mi títí, ó béèrè ọjọ́ orí mi, o ní mẹ́tàléláàádọ́rin, ó sì dìde. Ó ní kí o wá na òun.

Ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò mọ bàbá náà, kò mọ̀ mí, ó sì ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí búùtù. Bí kò bá dé ibi tó ń lọ, yóò rò pé òun ni kò sunwọ̀n. Oorun ti kúrò lójú mi láti ọjọ́ yẹn, òru mọ́kànlélógún rèé.

Lóru kejì nínú rẹ̀, bí n kò ti rí oorun sùn, mo ní kí n parí bàtà oníbàárà kan. Mo fa ìwé tí mo kì sí imú rẹ̀ jáde, pélébé ìwé rẹ ni. Ibi tí ọkàn mi balẹ̀ sí nìyẹn. O kọ ọ́ gbàǹgbà pé Bàbá, ẹ má ṣe máa já a gbà, ẹ má sì kánjú, kí ẹ dì í mú títí dé ọgọ́ta, lójoojúmọ́, nítorí pé awọ inú ara àgbà kì í gbọ́ kíákíá. Ọgọ́ta. Olùkọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì rò pé ẹ ti jọ sọ ọ́ láàárín ara yín, ẹ dín in kù fún mi.

Mo jókòó síbẹ̀, mo wo igi tí mo gbẹ́ bí ẹsẹ̀, èyí tí mo fa awọ bàtà náà lé. Kí ni mo ti ń ṣe láti ọdún méjìléláàádọ́ta? Awọ ọmọ màlúù, o fà á, ó tẹ̀lé ọ. Awọ àgbà màlúù, o fà á, o jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà síbi tó wà. Àfi kí o fà á kí o dúró, kí o fún un láyè kó rò ó wò. N kò kánjú fa awọ àgbà rí láyé mi, tèmi nìkan ni mo ń kánjú fà. Olùkọ́ yẹn, ọmọ màlúù ló mọ̀. Ọkùnrin ọlọ́ṣẹ ló mọ àgbà. Kò mọ̀ pé òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń dì mí mọ́lẹ̀ títí ara mi yóò fi gbà.

Láti òru yẹn ni mo ti ń ṣe é fúnra mi, nígbà tí ìyá rẹ bá ti sùn. N kò lè ka ọgọ́ta, torí pé ọkàn mi máa ń lọ síbòmíràn ní bí ogún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣẹ, mo mọ̀ ọ́n látorí délẹ̀. Mo ń kà á lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú sùúrù, láti ìyàwó ilé títí dé kí lẹ ń dúró dè. Ìyá rẹ jí lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo dorí kodò sí nínú òkùnkùn tí mò ń sọ fún ilẹ̀ pé aṣọ funfun yín ti di aṣọ eérú. Ó bi mí ta ni mò ń bú. N kò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, n kò wọn nǹkan kan. Mo ti fi fọ́tò purọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ ẹ̀rí kankan mọ́.

Mo ti sọ ọ́ tán. Tí o bá fẹ́ gbé mọ́tò wá, gbé e wá, n kò ní sá pamọ́, n kò tilẹ̀ lè sá. Ṣùgbọ́n sọ òtítọ́ fún atúnkẹ̀kẹ́ṣe yẹn, sọ fún un pé búùtù ni, kí o sì sọ fún un kó má ṣe dẹ́kun.

Nípa ti owó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe, mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Fi owó awọ àti okùn ránṣẹ́, nítorí mo ti jẹ awọ oníbàárà sórí búùtù. Ra òróró fún orúnkún ìyá rẹ, èyí tó bá dára jù. Kí o sì lọ bá àwọn tó ni ilé inú fóònù, kí o gba owó rẹ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dá ọkùnrin ọlọ́ṣẹ padà fún mi. Obìnrin báńkì yẹn náà lè máa bọ̀.

Kí ara rẹ máa gbọ́ tìrẹ lẹ́nu. Kí ọjọ́ ogbó rẹ bá ọ níbi tí o ti ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣe tìrẹ. Kí okùn ilé rẹ má gùn ju aṣọ tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ àdúrà, bó bá wà nítòsí, kó gbọ́ èyí.

Àkùkọ ti kọ. Ó kù díẹ̀ kí n ti lẹ́tà yìí pa, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ṣì ń sùn, àtùpà ṣì ń jó epo níbi tó wà nílẹ̀. Mo ti sọ okùn ìwọ̀n kalẹ̀ láti orí ìjókòó mi, mo sì wọn ohun kan: irin kékeré tí wọ́n fi ń yí òwú àtùpà wálẹ̀, àti ibi tí okùn bàtà mi ti ń di kókó, bàtà mi tòótọ́, bákan náà ni wọ́n ṣe ga kúrò nílẹ̀. Jẹ́ kí n gbé pákó yìí sílẹ̀ ná.

Mo ti padà. Mo dìde, mo kúrò lára ògiri, mo tẹ̀. Mo ka ọlọ́ṣẹ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi wà ní àárín ojúgun. Ẹ̀yìn itan mi ń bá mi jiyàn, n kò dá a lóhùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo dé ibi tó ti ń fi imú gbóòórùn ẹ̀wù, nǹkan kan jọ̀wọ́ mi, kò sáré, bí ìgbà tí awọ àgbà bá gbà lórí igi. Kí n tó béèrè pé kí lẹ ń dúró dè, irin náà ti wà láàárín ìka mi, ó gbóná díẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣì jìnnà sí mi ní ìka mẹ́ta, mo sọ ọ́ kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu káfíńtà.

Ìyá rẹ yí padà, ó ní ta ló pa àtùpà. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n tún un tàn, kí n tún un pa kí òun rí i. Mo ní kò sí ìdí, ilẹ̀ ti mọ́, a ń ríra.

Èmi ni, bàbá rẹ. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni mo fi kọ ìlà yìí. Àtùpà ti kú, ọwọ́ mi ló pa á.